Ta Ló La Ògiri Ìyá Agbẹ̀bí?

Ọ̀dà pupa náà kò wọnú ibi tí ògiri ti là. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ń wò nìyẹn, òun ni kò sì jẹ́ kó gbọ́ nígbà tí kọ́púrà rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin ni. Kí-ló-dé ni wọ́n sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí pé ìbéèrè yẹn ni ó máa ń bi olè, ó máa ń bi ọ̀gá, ó sì máa ń bi aago ara ògiri pàápàá bí aago bá dákẹ́. Ó gbé ojú sún mọ́ ògiri náà bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Ilé alámọ̀ àtijọ́ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Ìdajì ògiri tó kọjú sí ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ilé ti wó lulẹ̀. Ara ìdajì tó ṣẹ́kù ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kun àmì àgbélébùú ńlá sí, àmì tí ìjọba máa ń fi sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Ibi tó là náà ti ìdí ògiri gòkè, ó gba àárín àmì kọjá, ó lọ dé abẹ́ páànù.

"Ọ̀gá," kọ́púrà tún pè é, "ìyá onílé ń bọ̀ o. Ìgbálẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló fẹ́ gbá tàbí àwa."

Ìyá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àwọn ọmọ òpópónà yẹn bọ́ sí nígbà tí wọ́n wá sáyé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, ògiri ilé rẹ̀ wó lu onígbàjámọ̀ tó háyà yàrá ẹ̀gbẹ́, níbi tó sùn sí lórí ẹní. Kí wọ́n tó sin òkú náà tán, àwọn ọlọ́pàá ti wá mú ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Wọ́n ní kòtò tó gbẹ́ sẹ́yìn ilé ló mú kí ògiri wó, nítorí náà òun ló pa èèyàn.

"Ẹ kú iṣẹ́," ìyá náà wí. "Ẹ ti mú ọmọ lọ. Ṣé ògiri ni ẹ wá mú lónìí?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Màá bínú! Wọ́n ti gba omi ẹ̀rọ, wọ́n ti gba iná òpópónà, wọn ò kó ìdọ̀tí wa mọ́. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ìbínú sílẹ̀ fún mi."

Kọ́púrà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á. Kí-ló-dé kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgọ́ ti sọ fún un láàárọ̀ pé kó kàn lọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n pa ẹjọ́ náà dé, nítorí pé katapílà ìjọba ń bọ̀ wá wó ilé náà kí oòrùn tó wọ̀. Bí ilé bá ti di erùpẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi gba ọmọ ìyá yìí sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀wọ̀n ni, tààrà.

"Mà, ìgbà wo ni wọ́n kun àmì yìí?"

"Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ògiri mi dán bí awo nígbà yẹn. Mo ní, 'Wolé-wolé, ògiri tó là dà?' Ó ní òun kì í bá obìnrin jiyàn. Mo sọ ọ́ ní àgọ́ yín náà. Wọ́n ní arúgbó ti ń ṣarán."

Kí-ló-dé yíjú sí kọ́púrà. "Bí wọ́n bá fi ọ̀dà kun ògiri tó ti là, ibo ni ọ̀dà máa dé?"

"Á wọ inú ibi tó là."

"Wo inú rẹ̀."

Kọ́púrà ki ìka bọ̀ ọ́. "Amọ̀ lásán ni."

"Etí ọ̀dà ńkọ́?"

"Ó ya. Bí ìgbà tí èèyàn ya bébà." Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀gá! Wọ́n ti kun ún kó tó là!"

"Wọ́n dá ilé lẹ́bi kí ilé tó ṣẹ̀," ni Kí-ló-dé wí. "Ẹni tó bá mọ̀ pé ògiri máa là, ó mọ ẹni tó máa là á."

*

Kòtò wà lẹ́yìn ilé lóòótọ́. Ṣáláńgá ni bíríkìlà ń gbẹ́ fún ìyá rẹ̀. Kí-ló-dé ká sòkòtò rẹ̀, ó bọ́ sínú rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀. Ó gbẹ bí eérú, ó ń dà gba àárín ìka rẹ̀. Ògiri tó wó kò tilẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ilé ló wà láàárín wọn.

"Kòtò yìí ni wọ́n ní ó pa èèyàn?" kọ́púrà bèèrè. "Ṣé ó rìn ni?"

Kí-ló-dé gòkè, ó padà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì fọwọ́ kó àlàpà kúrò díẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ti mu epo ọkọ̀ yó. Ó gbẹ́ ìdí ògiri. Amọ̀ tutù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí," ó wí. "Kànga ti gbẹ ní gbogbo òpópónà. Kí ló dé tí ìdí ògiri kan ṣoṣo fi ń mumi?"

"Mi ò mọ̀," Ìyá Agbẹ̀bí dáhùn. "Omi tí mo ní ò ju ti ẹ̀rọ tí Alága ẹgbẹ́ onílé wa fà fún mi lọ. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Nígbà tí ìjọba gé omi wa, ó gbẹ́ kànga oníná, ó ń fún gbogbo wa lómi lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi nìkan ló wá fa páìpù wọlé fún. Ó ní agbẹ̀bí tó gba ẹ̀bí àwọn ọmọ òun ò gbọ́dọ̀ ru garawa."

"Ibo ni páìpù náà gbà?"

"Inú ilẹ̀ ni. Ó ní kó má baà kọ́ mi lẹ́sẹ̀."

Kí-ló-dé wo ọ̀nà tóóró náà. Gbogbo koríko ibẹ̀ ti pọ́n, ó ti kú. Ṣùgbọ́n nítòsí ògiri tó wó, koríko tútù kan hù, ó dúdú mìnìjọ̀ bí ìgbà òjò. Ó wò ó títí.

"Wá," ó sọ fún kọ́púrà. "Wolé-wolé ló kàn."

*

Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ nínú ọ́fíìsì wolé-wolé bí ẹni pé òkú ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán ìlú tuntun tí ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan fẹ́ kọ́ sí àdúgbò yẹn kọ́ sára ògiri: ilé gíga onídígí, ọ̀nà tó mọ́ tónítóní. Níbi tí ilé Ìyá Agbẹ̀bí wà, wọ́n ya igi wẹ́wẹ́ sí i, àti obìnrin kan tó ń fi okùn fa ajá.

"Ajá yẹn ríbi gbé," kọ́púrà kùn lábẹ́lẹ̀. "Ìyá yẹn ò rí."

Wolé-wolé tún táì rẹ̀ ṣe. "Ìsípẹ́kítọ̀, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀."

"Ta ló la ẹnu ògiri?"

"Ọjọ́ orí ni."

"Ẹ rí i pé ó ti là kí ẹ tó kun ún?"

"Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i."

"Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

"Ọwọ́ á wọ̀ ọ́."

"Ọ̀dà yín ki, àbí ó ṣàn?"

"Ọ̀dà? Kí ló kan ọ̀dà?"

"Ó ṣàn. Mo rí ipa rẹ̀ lára ògiri títí dé ìsàlẹ̀. Ọ̀dà tó ń ṣàn wá dé ibi tí ọwọ́ lè wọ̀, kò kán sínú rẹ̀, ó fò ó kọjá. Ṣé ọ̀dà yín níyẹ̀ẹ́ ni?"

Wolé-wolé tún nawọ́ sí táì rẹ̀.

"Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni mo ń wádìí, kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀dà," Kí-ló-dé wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Bíríkìlà ti wà ní àtìmọ́lé. Àyè ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Òógùn yọ níwájú orí ọkùnrin náà nínú òtútù yẹn. "Ó ní kò ní pa èèyàn."

"Ta ni? Ilé-iṣẹ́ akọ́lé?"

"Ilé-iṣẹ́ kẹ̀! Wọn kì í ṣe irú ìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé àwọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ kankan níbẹ̀ àfi bí gbogbo ìlà ilé yẹn bá mọ́ pátá. Bí ilé kan bá dúró láàárín, kò sí àdéhùn. Wọn ò béèrè bí ó ṣe máa mọ́."

"Ta wá ló ní kí ẹ kun ògiri tó dá ṣáká?"

"Ó ní kí n ṣáà kun ún. Ó ní ògiri á là fúnra rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí."

"Mo ní ta ni?"

"Ẹni tí gbogbo èèyàn ń kí bí wọ́n bá ti wọ àdúgbò yẹn ni." Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ lọ́yà nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Níta, kọ́púrà fọwọ́ lu ìdí ọkọ̀ wọn. "Mo ti gbà pé ilé-iṣẹ́ yẹn ni!"

"Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀. A ti ṣìnà." Ó dúró, ó wo ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. "Ṣé o rí i? Wọn kì í rán apànìyàn. Wọ́n á mú kí wọ́n gé omi àdúgbò, wọ́n á mú kí ìdọ̀tí ga bí òkè. Tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò bá níyì mọ́, wọ́n á pè é ní àkìtàn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun. Wọ́n á gbé owó sáàárín, wọ́n á ní ilé arúgbó kan ló dí i lọ́nà. Wọ́n á wá lọ jókòó. Ẹni tó máa jẹ ẹran kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ rárá."

*

Nígbà tí wọ́n padà dé òpópónà náà, Alága ẹgbẹ́ onílé ló kọ́kọ́ kí wọn. Ìkángun ìlà ilé yẹn ni ilé rẹ̀ wà, pẹ̀lú táńkì omi ńlá lórí irin, tí àwọn èèyàn tò sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú garawa. A-kì-í-tà ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa ń ṣáájú wọn lọ sẹ́nu géètì ìjọba bí wọ́n bá fẹ́ fẹ̀hónú hàn, òun ló sì máa ń gé aṣọ pupa tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ náà sí ní funfun: A KÌ Í TÀ.

"Ọmọ mi, ẹ káàbọ̀!" ó ké. "Ẹ bá wa lé àwọn ajagungbalẹ̀ yẹn lọ o!"

"Ẹ kú ìnáwó omi, Bàbá."

"Ìfẹ́ àdúgbò ni."

Kí-ló-dé fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ Alága, ó yára fà á padà. "Ọkọ̀ yín ń jóná. Kí ló dé tí ẹ fi gbé e sínú oòrùn?"

"Ibòji wo ló wà ńbí?"

"Ti ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Agbẹ̀bí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti mu epo ọkọ̀ yó. Ọkọ̀ ta ni?"

Alága rẹ́rìn-ín. Ìyá Agbẹ̀bí, tó ti tẹ̀lé wọn dé ibẹ̀ tìgbálẹ̀-tìgbálẹ̀, ló dáhùn. "Tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló ń gbé e sí láti ọjọ́ tó ti rà á. Onígbàjámọ̀ ló máa ń bá a nù ún, kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìgbà wo ló gbé e kúrò?"

"Kó tó di pé ògiri wó. Ó ní aláǹgbá ń ṣu lé e."

Kí-ló-dé na ọrùn, ó wo òrùlé ọkọ̀ náà. "Aláǹgbá ti bá yín dé ibí o, Bàbá."

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn tó ń pọnmi. Alága náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà há sí i lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti gbogbo ẹ̀rọ," Kí-ló-dé wí. "Mà, ẹ ti tiyín nílé?"

"Mo tì í. Ta ló ń fi omi ṣòfò?"

Kọ́púrà dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tó wọlẹ̀ lábẹ́ táńkì, ó fi etí lé e. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́.

"Ó ń lọ, Ọ̀gá. Ó ń lọ ṣùrùrù."

"A ti ti gbogbo ẹ̀rọ. Ta ló ń pọnmi?"

Kí-ló-dé rìn lọ síbi tí koríko tútù wà, àwọn èèyàn tẹ̀ lé e, ẹnì kan sì ti sáré wọlé lọ mú ṣọ́bìrì. Wọn kò gbẹ́ jìnnà. Ní ìdí ògiri, wọ́n rí páìpù tí wọ́n fi ayùn rẹ́ dé ìdajì. Aṣọ ni wọ́n fi wé ibi tí wọ́n rẹ́ náà.

"Páìpù bẹ́!" Alága pariwo. "Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí páìpù bẹ́?"

"Páìpù tó bá bẹ́ fúnra rẹ̀ kì í wá aṣọ ró. Ẹni tó rẹ́ ẹ ló wé e, kí omi má baà ru sókè, kó máa yọ́ wọ ìdí ògiri láìpariwo. Láti ìgbà náà, ẹ ò lè tì í lábẹ́ táńkì mọ́, nítorí bí ẹ bá tì í, ìyá máa béèrè omi rẹ̀." Kí-ló-dé tú aṣọ náà, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó gbé e sókè. Pupa ni. Lẹ́tà funfun kan ṣì hàn lára rẹ̀, àti ìdajì òmíràn.

Àwọn èèyàn náà mọ aṣọ yẹn. Ariwo gba ibẹ̀. Kọ́púrà ní láti dúró síwájú Alága kí wọ́n má baà ya bò ó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀!" Alága bú jáde, òun náà ń bínú báyìí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo tà! Mo ti tà tipẹ́! Ilé tó ṣófo lọ́tùn-ún yìí àti lósì, èmi ni mo rà wọ́n lórúkọ ọmọ àbúrò mi, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wọn. Ìlú ń dàgbà! Ṣé inú amọ̀ la ó máa gbé títí? Ilé ẹyọ kan, ilé arúgbó kan, ló dá gbogbo owó yẹn dúró! Mo bẹ̀ ẹ́ kó tà, ó ní A kì í tà. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló fi ń dá mi lóhùn! Kí ni kí n ṣe?"

"Kí ẹ má pa èèyàn," Kí-ló-dé wí.

"Mi ò pa á! Ògiri ló pa á!"

Ìyá Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn títí ojú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Kò pè é ní Alága mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí. O mọ̀ pé ògiri máa wó. O gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó ń nù ún fún ọ, ojoojúmọ́ lò ń rí i tó ń wọ yàrá yẹn lọ sùn. Ọkọ̀ lo yọ. O ò yọ èèyàn."

Kọ́púrà fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Alága lọ́wọ́.

*

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí katapílà dé. Ọkọ̀ onígíláàsì dúdú kan tẹ̀ lé e, èèyàn ilé-iṣẹ́ akọ́lé sì wà nínú rẹ̀. Kò sọ gíláàsì kalẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ ló sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tirẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn.

"Mo gbọ́ pé o ti mú ẹni tó ṣe é," ó sọ fún Kí-ló-dé. "O kú iṣẹ́. Ọmọ ìyá yẹn ti ń bọ̀ nílé. Ó yá, kúrò lọ́nà, àṣẹ ìjọba ni kí wọ́n wó ilé yìí. Ìyẹn ò kan ọlọ́pàá."

"Ó kàn wá, Ọ̀gá. Ohun ìjà ni ilé yìí."

"Kí lo wí?"

"Ọ̀bẹ kọ́ ni wọ́n fi pa onígbàjámọ̀. Ògiri yìí ni. Ẹ ti gbọ́ ibi tí ọlọ́pàá ti ń dúró, tí wọ́n ń fi katapílà run ohun ìjà kí adájọ́ tó fojú rí i? Páìpù tí wọ́n lò náà, láti ilé Alága ló ti wá, ó gba abẹ́ gbogbo ilé tó wà ní ìlà yìí. Ẹ̀rí ni gbogbo wọn."

Ọ̀gá àgọ́ wo ọkọ̀ dúdú náà, ó tún wo Kí-ló-dé. "Gbogbo ìlà ilé?"

"Títí tí ilé ẹjọ́ á fi dájọ́. Báwo ni ẹjọ́ ìpànìyàn ṣe máa ń pẹ́ tó lọ́dọ̀ wa?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí lónìí á ti níyàwó."

"Ẹ wo gbogbo àwọn tó gbọ́ nígbà tí Alága ń jẹ́wọ́. Bí ilé yìí bá wó, orúkọ ta ni wọ́n máa dá fún adájọ́? Tèmi kọ́."

Ọ̀gá àgọ́ rìn lọ síbi ọkọ̀ dúdú náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá gíláàsì tí kò ṣí sọ̀rọ̀. Láìpẹ́, ọkọ̀ náà fi ẹ̀yìn rìn jáde kúrò ní òpópónà. Kò sẹ́ni tó máa mú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n mú ẹni tó kàn sọ pé ilé kan dí òun lọ́nà. Kí-ló-dé dúró, ó ń wò ó lọ.

Awakọ̀ katapílà yọrí. "Mà, ibo ni kí n gbà báyìí?"

"Ibi tí ẹ gbà wá," Kí-ló-dé dá a lóhùn.

Nígbà tí bíríkìlà dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ìyá sì fọwọ́ pa á lórí. Kò tíì fọ ojú rẹ̀ tó fi wo ẹ̀gbẹ́ ilé, tó rí yàrá onígbàjámọ̀ tó ṣí gbayawu sí ọ̀nà, pẹ̀lú ẹní rẹ̀ lábẹ́ erùpẹ̀. Ó mú ṣọ́bìrì. "Lọ́la ni mo máa mọ ọ́n padà."

"O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án," kọ́púrà sọ fún un, ojú ń tì í. "Ẹ̀rí ni. Bí o bá mọ ọ́n, wọ́n á ní kò sí ẹjọ́ mọ́, wọ́n á wó o."

"Kí ìyá mi máa gbénú ilé tí kò ní ògiri? Fún ọdún mélòó?"

"Fi sílẹ̀," Ìyá Agbẹ̀bí wí. "Jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá rí ibi tí wọ́n pa èèyàn sí nítorí ilẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè, mo ṣì lẹ́nu."

Ó wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó jáde, ó jókòó síwájú yàrá náà, ó kọjú sí òpópónà.